Ṣé owó ìrànwọ́ ló ń sọ ìyá anìkàntọ́mọ di ọ̀lẹ?

Bí ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ìjọba bá délẹ̀ ní Òṣogbo, kì í pẹ́ tẹ́nì kan á fi ní: "Ẹ má fún obìnrin tó ń dá tọ́mọ lówó ọ̀fẹ́ o. Yóò káwọ́ lẹ́rán jókòó ni, yóò tún lóyún òmíràn." Irọ́ ni, ó sì ń ṣe àwọn ọmọ ní jàǹbá.

Ẹ dé Ọjà Ọba ní ìdájí. Ẹ ó rí opó tó pọn ọmọ, tó ń di ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ní ìdì kéékèèké, tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti wọ aṣọ ilé ìwé, tó ń bá a ka ṣéńjì. Ọ̀lẹ dà níbẹ̀? Owó òwò ni kò tó nǹkan. Bí ara ọmọ bá gbóná lónìí, owó ẹ̀fọ́ ọ̀la ló máa bá oògùn lọ, gbèsè ló sì kù. Níbi tí tọkọtaya wà, ọ̀kan á gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, èkejì á dúró ti ọjà. Òun nìkan ni, ọwọ́ kan kò sì gbẹ́rù dórí.

Àwọn onímọ̀ ti tú ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Abhijit Banerjee, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ètò owó ìrànwọ́ méje wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Mexico àti Morocco wà lára wọn. Wọn kò rí i pé àwọn tó gbowó náà dẹwọ́ níṣẹ́. Ní Zambia, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìdílé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ lówó ní 2010, àwọn obìnrin tó gbà á kò bímọ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Láti 1998, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àwọn ètò kalẹ̀ fún òbí anìkàntọ́mọ: wọ́n ń bá wọn wáṣẹ́, wọ́n ń fowó kún owó oṣù wọn, wọ́n sì ń bá wọn gbé nínú owó ìtọ́jú ọmọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn pọ̀ sí i láti nǹkan bí 45 nínú 100 ní 1997 dé nǹkan bí 57 ní 2008.

Ní ti ilé wa ńbí, Ọ̀ṣun wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń fún ìdílé aláìní ní N5,000 lóṣù lọ́dún 2016. Ẹ pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò pé N170 lóòjọ́. Ta ló máa torí ìyẹn pa òwò tì, ká má tíì sọ pé kó torí ẹ̀ bímọ? Ìdààmú tó wà níbẹ̀ ni pé owó náà kì í dé lásìkò, ó sì lè dáwọ́ dúró nígbàkigbà, bí ìjọba ṣe dá àwọn ètò ìrànwọ́ rẹ̀ dúró ní January 2024 láti wádìí wọn. Ẹni tó ń dá àjọ kò lè gbọ́kàn lé irú owó bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ilé ìwé tí kì í yẹ̀, àti jẹ́lé-ó-sinmi nítòsí ọjà, máa ran ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yìí lọ́wọ́ gan-an.

Ìlú sì máa ń gbàgbé bàbá ọmọ tó bá wà láyé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú látọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe mọ. Kóòtù ìbílẹ̀ lè pàṣẹ pé kí bàbá náà máa san owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé lóṣooṣù.