Òǹtẹ̀ àbùkù ni, kì í ṣe "sítígímà"

Mo gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ kan, etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ní: "Ẹ jẹ́ ká dẹ́kun sítígímà lórí àwọn tó ní mẹ́ńtà hẹ́lítì." Gbólóhùn kan, egbò méjì. Ìlera ọpọlọ ló ń pè ní "mẹ́ńtà hẹ́lítì" yẹn, ìlera ọpọlọ sì kọ́, àìsàn ni aláìsàn ní. Ta ló ń sọ pé ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ "ní ìlera"? Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó èkejì. Sítígímà! Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí á rò pé oògùn ni wọ́n ń polówó.

"Stigma" ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń wí, ìyẹn ojú àbùkù tí àwùjọ fi ń wo èèyàn nítorí àìsàn tàbí ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èmi fi ń túmọ̀ rẹ̀ ni òǹtẹ̀ àbùkù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ bá mi jà. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi.

Ilẹ̀ Gíríìsì ni ọ̀rọ̀ "stigma" ti ṣẹ̀ wá. Láyé àtijọ́, àmì tí wọ́n fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín sára ẹrú tó sá lọ tí wọ́n tún rí mú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá rí i lè mọ irú ẹni tó jẹ́ láìbi í léèrè. Ní 1963, Erving Goffman, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, kọ odidi ìwé lórí rẹ̀. Ó jẹ́ ká rí i pé àmì náà kò nílò abẹ́rẹ́ mọ́, ojú tí àwùjọ fi ń wo èèyàn ti tó. Ẹ ṣáà kíyè sí i pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹnìkan ló fín àmì yẹn. Ẹrú ò bí i mọ́ra. Orí ìyẹn ni gbogbo ẹjọ́ mi dúró lé.

Ó yá, ẹ wo ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń lò. Àwọn kan ń pè é ní "ìtìjú". Ìtìjú kẹ̀! Ẹni tí ojú ń tì ló ni ìtìjú, inú rẹ̀ ló ń gbé. Bí a bá ní ká gbógun ti ìtìjú, a jẹ́ pé aláìsàn là ń bá wí, ẹni tó ń dójú tì í sì jókòó ní tirẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ gbọn. Àwọn mìíràn ní "ìdẹ́yẹsí". Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ń ṣe lẹ́yìn tó ti rí òǹtẹ̀ ni ìdẹ́yẹsí: kò gbà á síṣẹ́, kò háyà ilé fún un, kò jẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ ẹ. Èyí tó burú jù ni "àbùkù" lásán. Àbùkù lásán ń sọ pé lára ẹni náà ni nǹkan ọ̀hún wà lóòótọ́, pé bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a nìyẹn. Fi òǹtẹ̀ síwájú rẹ̀, kí o wo bí ẹjọ́ ṣe máa yí padà. Ibi tí òǹtẹ̀ bá wà, ọwọ́ kan ló tẹ̀ ẹ́, a sì lè béèrè ẹni tó ni ọwọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pín in sí ti ara ẹni, ti àwùjọ àti ti òfin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pín in. Òǹtẹ̀ kan náà ni.

Olóòtú kan, tí mi ò ní dárúkọ, ti fa ìlà pupa sórí òǹtẹ̀ mi tó ìgbà mẹ́rin. Ó ní "bu òǹtẹ̀ lù" túmọ̀ sí kí a fọwọ́ sí nǹkan, pé ohun tó dára là ń bu òǹtẹ̀ lù. Ó rò pé òun ti mú mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun, ẹ ti bá mi rojọ́." Nítorí iṣẹ́ tí ìwé ìròyìn àti sinimá ń ṣe gan-an nìyẹn. Àhesọ nípa aláìsàn ọpọlọ ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dáyé: wọ́n ní ó léwu, wọ́n ní kì í sàn, wọ́n ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, títí oníròyìn fi gbé e jáde. Bó ṣe jáde báyìí, ó ti gba òǹtẹ̀ nìyẹn.

Ká sọ pé ẹnìkan mú ìwé ìwáṣẹ́ wá, ojú ìwé mẹ́ta. Ilé ìwé tó lọ wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó ti ṣe wà níbẹ̀, àwọn tó lè jẹ́rìí rẹ̀ wà níbẹ̀. Akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ti òǹtẹ̀ onírọ́bà bọ inú tàdáwà pupa, ó là á mọ́ ojú ìwé kìíní, gbà! Láti tábìlì kan dé òmíràn, kò tún sẹ́ni tó ń ṣí ojú ìwé kejì mọ́. Ohunkóhun ò kúrò nínú ìwé náà. Kò sẹ́ni tó ń kà á ni.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan gún èèyàn lọ́bẹ. Bó bá jẹ́ pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é, kò sí akọ̀ròyìn tó máa kọ ọ́ pé "Alátọ̀gbẹ gún aládùúgbò rẹ̀ lọ́bẹ". Ṣùgbọ́n bó bá ti gba ìtọ́jú ọpọlọ rí, kódà kó ti pé ọdún mẹ́wàá, ìyẹn ni yóò ṣíwájú orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí àìsàn ọpọlọ líle ń bá fínra, wọ́n máa ń fojú winá ìwà ipá ju bí wọ́n ṣe ń hù ú lọ. Ìyẹn kì í dé ojú ìwé kìíní.

Ti sinimá tún yàtọ̀. Irun játijàti, aṣọ àkísà, ẹ̀rín tí kò nídìí: bí kò bá pààyàn, a jẹ́ pé ó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Àwọn onísinimá di ìdajì àkọ́kọ́ mú, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún ìyá ọmọ.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2003, wọ́n gbé Frank Bruno, afẹ̀ṣẹ́jà, lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìròyìn The Sun fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sójú ìwé kìíní pé wọ́n ti ti Bruno wèrè mọ́lé. Àwọn èèyàn fárígá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ òǹkàwé ìwé ìròyìn yẹn fúnra rẹ̀, ni wọ́n bá sáré yí i padà nínú ẹ̀dà tó tẹ̀lé e: Bruno tí inú rẹ̀ bàjẹ́ wà nílé ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ èèyàn ná. Ojú ìwé kejì Bruno ńkọ́? Òun ló gba ìgbànú àgbáyé ti ẹgbẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn WBC ní 1995.

Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ lásán ni mo ń jà lé lórí. Kí wọ́n lọ bi àwọn ará Japan. Orúkọ tí wọ́n ń pe schizophrenia, àìsàn ọpọlọ líle kan, lédè wọn tẹ́lẹ̀ túmọ̀ sí "àrùn ọkàn tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ". Ní 1993, ẹgbẹ́ àwọn ẹbí aláìsàn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ibẹ̀ sì gbà ní 2002. Orúkọ tuntun kàn sọ pé èrò inú kò so pọ̀ bó ṣe yẹ ni. Oògùn ò yí padà lálẹ́ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n láàárín ọdún bíi mélòó kan, iye aláìsàn tí dókítà ń sọ orúkọ àìsàn rẹ̀ fún fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Orúkọ ti àkọ́kọ́ wúwo lẹ́nu àwọn dókítà fúnra wọn.

Lánàá, olóòtú mi tún pè. Ó ní òun ti gba ẹjọ́ mi rò, pé òótọ́ ni, "sítígímà" ò dára tó, òun sì ti rí ọ̀rọ̀ tó sàn jù ú lọ. Inú mi dùn. Mo ní kí ni wọ́n rí.

Ó ní, "Sítígímátàsésọ̀n."