Bentley "Old Number One": Ṣé ọkọ̀ tó gba Le Mans lẹ́ẹ̀mejì náà ni?

Ọkọ̀ wo ni wọ́n ń pè ní Old Number One?

Bentley Speed Six kan ni, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ni MT 3464. Nọ́ńbà 1 ló wà lára rẹ̀ níbi eré wákàtí 24 ní Le Mans, ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1929. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Woolf Barnato àti Tim Birkin ló wà á lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ṣe ipò kìíní. Bentley mẹ́ta mìíràn ló tẹ̀ lé e wọlé, tó fi jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kó ipò kìíní títí dé ìkẹrin. Lọ́dún 1930, Barnato tún gbé e jáde pẹ̀lú Glen Kidston, ó tún borí. Kò sí ọkọ̀ tó ti gba Le Mans lẹ́ẹ̀mejì rí ṣáájú rẹ̀.

Barnato kì í ṣe awakọ̀ nìkan. Òun ni alága Bentley Motors. Owó rẹ̀ ló gbé ilé-iṣẹ́ náà ró láti 1926, owó dáyámọ́ńdì tí bàbá rẹ̀, Barney Barnato, kó jọ ní Kimberley, South Africa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló díje ní Le Mans, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì borí.

Irú ẹ́ńjìnnì wo ló wà nínú rẹ̀?

Sìlíńdà 6 tó tò tẹ̀ léra. Ihò sìlíńdà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 100, písítìn sì ń rin mìlímítà 140; ẹ ṣírò ó, cc 6,597 ni yóò fún yín. Fáàfù 4 àti púlọ́ọ̀gì 2 ló wà fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Orí ẹ́ńjìnnì kò ṣeé tú kúrò lára búlọ́ọ̀kù, ìyẹn irin tí ihò sìlíńdà wà nínú rẹ̀; ẹyọ kan ni wọ́n da méjèèjì. Nítorí náà, bí fáàfù kan bá jó, odindi búlọ́ọ̀kù ni mẹkáníìkì yóò gbé kúrò. Níbi tí eré ti súnmọ́lé, ó rọrùn láti gbé búlọ́ọ̀kù mìíràn lé e ju kí wọ́n jókòó ti èyí tó bàjẹ́. Ìdí kìíní nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìdíje kì í fi í pẹ́ jẹ́ ti àtètèkọ́ṣe.

Àwọn nǹkan wo ni wọ́n tún ń pààrọ̀?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Irinṣẹ́ ni ọkọ̀ yìí jẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà, kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí eré kan bá parí, wọn á tú u palẹ̀, wọn á wo ibi tó sán, wọn á pààrọ̀ ohun tó jẹ. Òfin eré náà tún ń yí i padà: Le Mans fẹ́ ìjókòó mẹ́rin fún ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀, Brooklands, pápá eré ọkọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò bìkítà fún ìyẹn. Kọnkéré Brooklands rí gbágungbàgun, ó sì ń fọ́ sípíríǹgì, ó ń fa férémù, egungun irin tí gbogbo ọkọ̀ jókòó lé, ya.

Lọ́dún 1931 wọ́n ṣe ọkọ̀ náà lọ́tun fún Brooklands, Jack Dunfee àti Cyril Paul sì fi gba eré máìlì 500 ọdún náà. Ọdún yẹn kan náà ni Bentley Motors wọ gbèsè, tí Rolls-Royce rà á. Fún 1932, ẹ́ńjìnnì lítà 8 ni wọ́n gbé sínú rẹ̀. Ihò sìlíńdà tiẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 110, ìrìn písítìn kò yí padà, cc 7,983. Nínú eré máìlì 500 ti oṣù Kẹsàn-án 1932, Clive Dunfee, àbúrò Jack, fẹ́ ya ọkọ̀ kan sílẹ̀ lókè pátápátá níbi tí ojú ọ̀nà ti dagun. Ọkọ̀ ré kọjá etí rẹ̀, Clive sì kú. Barnato tún ọkọ̀ náà ṣe, ó sì bo orí rẹ̀ fún ìrìn ìgboro. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó dá a padà sí ìrísí ọkọ̀ ìdíje tí kò lórí.

Kí ló wá gbé e dé ilé-ẹjọ́?

Owó ni. Ní 1990, ẹni tó ni ín gbà láti tà á fún ilé-iṣẹ́ Middlebridge ní pọ́n-ùn mílíọ̀nù 10. Kí wọ́n tó san tán, olùrà ní òun ò rà mọ́: ó ní èyí kì í ṣe ojúlówó Old Number One, nítorí pé ohun tó gba Le Mans ti tán lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Adájọ́ Otton ní ilé-ẹjọ́ gíga ní London.

Wọ́n yẹ ọkọ̀ náà wò níyekíye. Nínú ti 1929, kò sí nǹkan kan àfi àwọn ohun kéékèèké tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọdún báyìí ni wọ́n ṣe é. Nínú ti 1930, irin pẹ́dáàlì, ilé gíá àti ọ̀pá sítíárìn ló ṣẹ́kù. Férémù ṣáàsì jẹ́ ti 1931, ẹ́ńjìnnì jẹ́ ti 1932. Bọ́dì kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá.

Ṣé olùrà ló wá jàre ni?

Rárá, olùtà ló jàre. Adájọ́ gbà pé ọkọ̀ náà kì í ṣe bí wọ́n ti kọ́ ọ ní 1929. Ṣùgbọ́n ó ní wọn kò fìgbà kan dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró kí wọ́n wá fi irin mìíràn kọ́ ọkọ̀ tuntun. Díẹ̀díẹ̀ ni ohun tuntun ń wọ inú rẹ̀, láàárín eré kan sí òmíràn, fún ọdún mẹ́rin gbáko, lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kan náà. Kò sì sí Bentley mìíràn láyé tó lè dìde láti jẹ́ orúkọ yẹn. Ó ní ojúlówó ni, kí olùrà mú owó wá.

Ìdájọ́ náà tọ́ lójú tiwa. Agbo-ilé tí wọ́n ti wó gbogbo ògiri rẹ̀ kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ṣì ń jẹ́ orúkọ baba tó tẹ̀ ẹ́ dó, níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ ra ọkọ̀ ìdíje àtijọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti férémù. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin, kì í ṣe èyí tó wà lórí àwo pẹlẹbẹ tí bóòtù méjì lè mú dání, torí pé ìyẹn rọrùn láti tú sára òmíràn. Ẹ wọn ìga àti ìnípọn férémù, ẹ fi wé ìwé ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ka ihò bóòtù tí kò sí nǹkan nínú wọn mọ́. Ihò tí wọ́n fi de iná iwájú tàbí táǹkì nígbà kan kì í parẹ́ bọ̀rọ̀. Bí àwòrán eré ọdún náà bá fi táǹkì hàn níbì kan tí férémù yín kò ní ihò níbẹ̀, ẹ bi olùtà léèrè.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yanrìn fín irin náà kí ẹ tó ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò. Yanrìn máa ń họ nọ́ńbà tí wọn ò lù jinlẹ̀, ó máa ń pa ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ rẹ́, bẹ́ẹ̀ ojú ìjóná àtijọ́ yẹn gan-an ló ń jẹ́rìí sí jàǹbá tí ìwé ìròyìn kọ.

Ìwé ló kàn. Ẹ to orúkọ àwọn tó ti ni ín léra, láti ilé-iṣẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ olùtà, pẹ̀lú ìwé títà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí àlàfo bá wà, ẹ wá ìwé ìforúkọsílẹ̀, ti adójútòfò tàbí ti èbúté fún àwọn ọdún náà. Ìtàn ẹnu nìkan kò tó láti dí i. Nínú ìwé àdéhùn, ẹ má kọ "ojúlówó" lásán. Ẹ kọ èyí tó jẹ́ ti ọdún wo, férémù, búlọ́ọ̀kù, gíá, ásùlù, bọ́dì, níkọ̀ọ̀kan.

Ṣé ìwé àṣẹ FIA kò tó?

Kò tó. Ìwé tí FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ọkọ̀ lágbàáyé, ń fún ọkọ̀ àtijọ́ ń sọ pé bí wọ́n ṣe tò ó bá òfin ìgbà rẹ̀ mu, ó sì lè díje. Kò jẹ́rìí sí ẹni tó wà á tàbí eré tó gbà.

Báwo ni ọkọ̀ méjì ṣe ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà?

Férémù tí wọ́n jù nù ló sábà ń fà á. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn jàǹbá, ẹlòmíràn ṣà á, ó tún un ṣe, ó kọ́ ọkọ̀ lé e. Olè náà ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀: wọ́n jí Ferrari 375 Plus ti 1954, nọ́ńbà 0384 AM, gbé ní Ohio, ó di ohun tí wọ́n tún kọ́ ní Belgium, àwọn irin rẹ̀ kan sì wà ní Amẹ́ríkà síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń jà sí i gbà kí wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Goodwood ní 2014. Ó mú pọ́n-ùn tó lé ní mílíọ̀nù 10 wá, ẹjọ́ mìíràn sì tún dìde lórí títà náà. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé wọ́n pààrọ̀ férémù ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè ibi tí ti àkọ́kọ́ wà. Bí ó bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ rà á mọ́ ọn, tàbí kí ẹ gba ìwé pé ẹni náà kò ní fi kọ́ ọkọ̀, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.