Kì í ṣe ọmọdé mọ́, kò tíì di àgbà: jẹjẹrẹ lára àwọn ọ̀dọ́

Ọmọkùnrin kan ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé rẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, orúnkún rẹ̀ wá wú. Gbogbo ilé ní bọ́ọ̀lù ni. Ìyá rẹ̀ fi àdí pa á. Nígbà tí kò lọ, wọ́n gbé e lọ bá àwọn tó ń to eegun, wọ́n sì wọ́ orúnkún náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Lójú àwọn ará àdúgbò, ṣe ló tẹ nǹkan. Ìgbà tí wọ́n fi máa ya X-ray, jẹjẹrẹ ni, ó sì ti jẹ eegun náà jìnnà.

N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ta ló máa rí ọmọ ọdún 17 tó ń tiro tí ọkàn rẹ̀ á lọ sí jẹjẹrẹ? Bẹ́ẹ̀, àkókò tí eegun ọ̀dọ́ ń yára gùn gan-an ni osteosarcoma, ìyẹn jẹjẹrẹ eegun kan, máa ń yọjú jù, àyíká orúnkún ló sì fẹ́ràn. Ìrora tó ń jí ọmọ lójú oorun, wíwú tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta: ẹ lọ ya X-ray, ẹ má wọ́ ọ. Eegun tí jẹjẹrẹ ti jẹ kì í pẹ́ dá.

Kókó ọrùn tí kì í dun ọmọ, tó sì ń tóbi, tí ara ń gbóná, tí òógùn ń bò ó lóru, kì í ṣe ibà àti táífọ́ọ̀dù nígbà gbogbo. Jẹjẹrẹ Hodgkin, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn kókó ara tó ń gbógun ti àrùn, lè rí bẹ́ẹ̀. Ti kókó inú kórópọ̀n náà ń bẹ, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin wo ló máa fi í han ìyá rẹ̀?

Lẹ́yìn àyẹ̀wò ni wàhálà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ti ju wọ́ọ̀dù ọmọdé lọ, àárín àwọn bàbá arúgbó ni wọ́n á tẹ́ ẹ sí. Mo ti bá ọ̀kan jí lówùúrọ̀ tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣófo. Kò béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ lánàá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ aláàánú Teenage Cancer Trust ti ṣí wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ fún irú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí tú fáìlì àwọn ọ̀dọ́ 321, ẹni ọdún 16 sí 20, tí wọ́n ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan náà. Àwọn kan gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé, àwọn ìyókù lọ́dọ̀ dókítà àgbà. Lẹ́yìn ọdún méje, 63 nínú 100 lára àwọn tí dókítà ọmọdé tọ́jú ló wà láàyè tí àrùn kò padà. Lára àwọn tí dókítà àgbà tọ́jú, 34. Àìsàn kan náà, ọjọ́ orí kan náà! Ètò oògùn ni kò dọ́gba. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè: «Dókítà, ṣé ètò ti ọmọdé ni ẹ máa lò fún un àbí ti àgbà?» Kò sí ìwà àfojúdi níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ibí ló ń gba Ìbàdàn tàbí Èkó lọ fún ìtọ́jú. Ẹ kọ ìbéèrè náà sínú ìwé kí ẹ tó wọ ọkọ̀.

Èkejì: kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, lè ba agbára ọmọ bíbí jẹ́. A lè gba àtọ̀ ọmọkùnrin pamọ́ sínú òtútù tó lágbára gan-an kí kẹ́mò tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà sì wà fún obìnrin náà. Àwa tí ọ̀rọ̀ ọmọ kì í kúrò lẹ́nu wa, ọjọ́ tó yẹ ká sọ ọ́ gan-an là ń dákẹ́.

Ẹ má sì fi orúkọ àìsàn pa mọ́ fún un. Ó ní fóònù lọ́wọ́. Yóò ka ohun tó wà lára ìgò oògùn. Ẹ jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí òun àti dókítà jọ sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ìyá agbábọ́ọ̀lù wa yẹn lọ ra omi, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá irun òun á ti hù kí wọ́n tó ya fọ́tò àṣejáde ní ilé ìwé. Mo ní á hù, bí kẹ́mò bá ti parí. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá béèrè nípa ẹsẹ̀ rẹ̀.