Ohun Tó Gbé Òrùlé Rìbìtì Ró Láìsí Òpó

Òkúta kì í bẹ̀rù ẹrù. Bí wọ́n gbé òkè lé e lórí, yóò rù ú. Ohun tí kò lè fara dà ni kí nǹkan máa fà á. Bí wọ́n bá fi òkúta gbọọrọ kan ṣe àtẹ́rígbà lórí òpó méjì, ìwúwo ara rẹ̀ á máa tẹ àárín rẹ̀ wálẹ̀: apá òkè á máa fún pọ̀, apá ìsàlẹ̀ á sì máa fà. Ìsàlẹ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ sán. Ìdí nìyí tí gbọ̀ngàn ńlá tẹ́ńpìlì Karnak, nílẹ̀ Íjíbítì, fi kún fún òpó, 134 lápapọ̀.

Àwọn ará Róòmù kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe áàṣì, ìyẹn òkúta tí wọ́n tò kí ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, àmọ́ àwọn ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá. Wọ́n á gbẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan kí orí rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, wọ́n á kan férémù pákó sábẹ́, wọ́n á sì máa to òkúta láti ọ̀tún àti láti òsì títí wọn yóò fi pàdé lókè. Tí wọ́n bá yọ pákó náà, òkúta kọ̀ọ̀kan á fẹ́ já bọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní gbà fún un. Kò sí èyí tí nǹkan ń fà nínú wọn. Gbogbo wọn ló ń tira. Ní afárá Pont du Gard, nílẹ̀ Faransé, tó ga tó mítà 49, àwọn òkúta kan ṣì yọ síta lára ògiri títí di òní. Orí wọn ni pákó àwọn òṣìṣẹ́ jókòó lé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn.

Wàhálà kan wà níbẹ̀ ṣá. Áàṣì kì í ti ilẹ̀ nìkan, ó tún ń ti ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á máa fẹ́ yà, tọ̀sán tòru, níwọ̀n ìgbà tí ilé bá ṣì dúró. Òrùlé rìbìtì kò yàtọ̀: áàṣì tí wọ́n yí po ni. Ìbéèrè tí gbogbo kọ́lékọ́lé ní láti dáhùn ni pé, ta ni yóò gba títì yẹn?

Ní Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan nílùú Róòmù, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 126 lábẹ́ ọba Hadrian, ògiri ló gbà á. Ó nípọn tó mítà 6. Kọnkéré ni òrùlé náà, kò sí irin kankan nínú rẹ̀, ó sì fẹ̀ ju mítà 43 lọ. Ibi tí ọgbọ́n wọn ti ya èèyàn lẹ́nu jù ni òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò mọ́ kọnkéré yẹn: èyí tó wúwo ni wọ́n lò nísàlẹ̀, wọ́n ń lo èyí tó fúyẹ́ sí i bí wọ́n ṣe ń gòkè, títí wọ́n fi dé orí òkúta inú òkè ayọnáyèéfín tó fúyẹ́ débi pé ó lè léfòó lórí omi. Wọn ò tilẹ̀ bo góńgó rẹ̀. Ihò tó fẹ̀ ju mítà 8 lọ ni wọ́n fi síbẹ̀, etí ihò náà sì ń fún ara rẹ̀ pọ̀ yíká, kò lè já. Òjò máa ń gba ibẹ̀ wọlé, ilẹ̀ sì dagun díẹ̀ kí omi lè ṣàn lọ sínú àwọn ihò kéékèèké.

Iṣẹ́ Hagia Sophia, ilé ìjọsìn ńlá kan ní Istanbul, le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àyè onígun mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ gbé òrùlé rìbìtì lé. Áàṣì mẹ́rin ni wọ́n kọ́, wọ́n sì fi ògiri onígun mẹ́ta tó tẹ̀ dí àlàfo kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín wọn. Ọdún 537 ni wọ́n ṣí i. Àmọ́ òrùlé àkọ́kọ́ tẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ bí òrùlé bá ṣe tẹ́ tó ni yóò ṣe máa ti ẹ̀gbẹ́ tó. Ilẹ̀ mì, nígbà tó sì di ọdún 558, apá kan wó. Kọ́lékọ́lé kan tó ń jẹ́ Isidore Kékeré tún un kọ́, ó sì gbé e ga ní nǹkan bí mítà 6 kí títì náà lè dínkù. Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ní ìlàjì òrùlé tó ń gbè é lẹ́sẹ̀. Àríwá àti gúúsù kò ní, ìyẹn ni wọ́n ṣe kó òkúta gàgàrà tì wọ́n níta. Inú nìkan ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wò. Kí wọ́n yí ilé náà ká, ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí ìjà tó ń lọ.

Ní Florence, nílẹ̀ Ítálì, láàárín ọdún 1420 sí 1436, kọ́lékọ́lé kan tó ń jẹ́ Brunelleschi kọ́ òrùlé rìbìtì ńlá sórí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà láìkan férémù tó ti ilẹ̀ dé òkè. Bíríkì kan dùbúlẹ̀, òmíràn dúró lóòró, wọ́n di ara wọn mú títí sìmẹ́ńtì fi gan. Ó tún fi òkúta tí wọ́n fi irin dè pọ̀ gbá a lámùrè yíká, kí ó má baà yà.

Nígbà tí òrùlé rìbìtì ṣọ́ọ̀ṣì Saint Peter ní Róòmù sán ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Giovanni Poleni fi okùn wádìí rẹ̀. Bí okùn tó so rọ̀ ṣe tẹ̀, bí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ gan-an ni òkúta ṣe lè tira láìsí pé nǹkan ń fà á. Ó so ìwúwo kéékèèké mọ́ okùn, gẹ́gẹ́ bí apá kọ̀ọ̀kan òrùlé náà ṣe wúwo sí, ó sì jẹ́ kí ó rọ̀. Nígbà tó dojú àwòrán rẹ̀ dé, ìlà náà bọ́ sínú ìnípọn ògiri, ó sì rí i pé òrùlé náà kò ní wó. Síbẹ̀, wọ́n fi àmùrè irin kún un.