Àdánù tẹ́tẹ́ kì í pa owó orí ẹ̀bùn ìdíje rẹ́ ní Amẹ́ríkà

"Mo pàdánù ju iye tí mo jẹ lọ, owó orí wo ni mo tún fẹ́ san?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí kálukú bá ń kó ìwé jọ fún IRS, àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀bùn níbi ìdíje, tó sì ti fi owó sílẹ̀ ní kàsínò lọ́dún kan náà, á da méjèèjì pọ̀, á yọ ọ̀kan lára èkejì, á wá kọ ohun tó ṣẹ́kù. Bó bá sì jẹ́ àdánù ló pọ̀ jù, kò ní kọ nǹkan kan rárá. Ó dùn ún gbọ́ létí, àmọ́ òfin ò gbà bẹ́ẹ̀, owó tó sì ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó gbà á gbọ́ kì í ṣe kékeré.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó rinlẹ̀. Abala 165(d) nínú òfin owó orí Amẹ́ríkà gbà kí èèyàn yọ àdánù tẹ́tẹ́, àmọ́ lára èrè tẹ́tẹ́ nìkan, kò sì gbọ́dọ̀ ju èrè yẹn lọ. Abala mìíràn, ìkẹrìnléláàádọ́rin, ló kan ẹ̀bùn ìdíje, ó sì ní kí wọ́n kà á mọ́ owó tó wọlé fún èèyàn. Ká ní arábìnrin kan ní Houston gba $10,000 níbi ìdíje oúnjẹ sísè tí ilé iṣẹ́ kan ṣe. Lọ́dún kan náà, ó pàdánù $8,000 nídìí ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ní Lake Charles ní Louisiana, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Houston máa ń wa mọ́tò lọ nítorí irú kàsínò bẹ́ẹ̀ ò sí nítòsí wọn ní Texas. Lójú tirẹ̀, $2,000 ló kù sí i lọ́wọ́. Lójú IRS, $10,000 ni. Bí owó tó ń wọlé fún un bá wà ní ìpele 22%, $2,200 ni owó orí ẹ̀bùn náà, kì í ṣe $440. Kò sì sí ibi tó lè lo $8,000 yẹn, torí kò jẹ tẹ́tẹ́ kankan lọ́dún náà.

Ohun tó ń sọ nǹkan di tẹ́tẹ́ ni pé ẹ fi owó yín lélẹ̀, owó náà sì lè lọ. Ráfù tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń ṣe lọ́dọọdún, tí ẹ fi $20 ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tẹ́tẹ́ ni lójú IRS. Ọ̀kan náà ni òun, lọ́tìrì àti eré ẹṣin, àdánù ibì kan sì lè dín èrè ibòmíràn kù. Àmọ́ ìdíje tí ẹ fi ọgbọ́n orí tàbí iṣẹ́ ọwọ́ yín borí, tàbí èyí tí ṣọ́ọ̀bù kan fa orúkọ yín yọ láàárín àwọn oníbàárà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀bùn ni. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sáábà máa ń fi ìyàtọ̀ náà hàn: W-2G fún tẹ́tẹ́, 1099-MISC fún ẹ̀bùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo orí fọ́ọ̀mù náà dáadáa kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Bí fọ́ọ̀mù kankan ò bá sì dé, ìyẹn ò ní kí owó orí má sí. Gbogbo èrè ló yẹ ní kíkọ, ì báà jẹ́ $50.

Ibi tó ń ká mi lára jù ni ti ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ ti tẹ́tẹ́ lóòótọ́. Òun náà ò lè yọ àdánù kúrò kó wá kọ ìyókù. Gbogbo èrè ló máa kọ́kọ́ lọ sórí Schedule 1, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ owó mìíràn tó wọlé sí. Àdánù ń lọ sórí Schedule A, ibi tí èèyàn ti ń to ìnáwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì lo Schedule A ti fi iye tí ìjọba ń yọ fún gbogbo èèyàn láìbéèrè ẹ̀rí sílẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 2025, iye náà jẹ́ $15,750 fún ẹni tó dá wà, $31,500 fún tọkọtaya tó jọ kọ ìwé pọ̀. Ẹ wo ọmọkùnrin kan tó ń gbé ilé háyà, tí kò san èlé owó ilé, tí ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ $3,000 lọ́dún. Ó jẹ $6,000 nídìí ẹ̀rọ, ó pàdánù $9,000. $6,000 péré ló lè kọ nínú àdánù yẹn. Bó bá fi ìdá mẹ́wàá kún un, $9,000. Kó tún fi owó orí tó san lórí ọjà kún un, kò lè sún mọ́ $15,750. Yóò fi Schedule A sílẹ̀, yóò sì san owó orí lórí $6,000 látòkè délẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé tẹ́tẹ́ ti gba $3,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lódindi. Kò sì lè gbé $3,000 yẹn lọ sí ọdún tó ń bọ̀.

Láti ọdún 2026, ó tún le sí i. Òfin tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ní July 4, 2025 ní 90% àdánù nìkan ni èèyàn lè kọ. Ẹni tó jẹ $100,000, tó sì pàdánù $100,000, yóò san owó orí lórí $10,000 tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò rí ẹ̀tọ́ kankan nínú ìyẹn, àmọ́ òfin ni. Àwọn tó fi tẹ́tẹ́ ṣe iṣẹ́ pàápàá ò bọ́ nínú rẹ̀. Lọ́dún 1987, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù gbà pé iṣẹ́ gidi ni tẹ́tẹ́ eré ajá tí Robert Groetzinger ń ta, ẹni tó fi $72,032 ta tẹ́tẹ́ lọ́dún 1978 tó sì gba $70,000. Síbẹ̀, kò lè fi àdánù tó ju èrè lọ dín owó mìíràn kù.

Ẹ̀bùn tí kì í ṣe owó ńkọ́? Iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà ni wọ́n máa kà. Nígbà tí Oprah Winfrey fún àwọn òǹwòran ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní mọ́tò Pontiac G6 tí iye rẹ̀ jẹ́ 276 ní September 2004, owó orí rẹ̀ tó nǹkan bíi $7,000 fún àwọn kan, owó gidi ni wọ́n sì fẹ́, kì í ṣe táyà. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò bá gbé e lè sọ pé òun ò fẹ́ ẹ̀bùn náà kó tó gbà á, kò sì ní san owó orí rẹ̀.

Àwọn ẹbí wa ní London náà ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí, torí ìjọba Britain kì í gba owó orí lórí èrè tẹ́tẹ́ èèyàn, wọn kì í sì í ka àdánù sí. Ti wọn nìyẹn. Bí bàbá tàbí màmá yín bá wá kí yín láti Nàìjíríà, tí wọ́n sì jẹ owó ńlá lórí ẹ̀rọ ní kàsínò, 30% ni wọ́n máa yọ kí wọ́n tó fi ìyókù lé wọn lọ́wọ́. Wọn ò lè fi àdánù kankan dín in kù, torí Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ò ní àdéhùn owó orí. Bó bá jẹ́ ìdí tábìlì roulette tàbí blackjack ni wọ́n ti jẹ ẹ́, òfin yọ ìyẹn sílẹ̀ fún àlejò.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ àdánù gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀: ọjọ́, irú tẹ́tẹ́, orúkọ àti àdírẹ́sì ibẹ̀, ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀, iye tó jẹ àti iye tó lọ. Rìsíìtì ATM ò sọ ju pé ẹ gba owó. Ní ti ẹ̀bùn ìdíje, wọn kì í sábà yọ owó orí lára rẹ̀ kí wọ́n tó fún yín. Ẹ lè ní kí ibi iṣẹ́ yín fi kún iye tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín, tàbí kí ẹ fi fọ́ọ̀mù 1040-ES san án fúnra yín. Owó tó bá wọlé láàárín September sí December, January 15 ni ọjọ́ tó yẹ kí tirẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn.