Ìdáàbòbò àwọn àtìpó tí wọ́n hùwà ipá sí ní Abẹ́òkúta

Ìdáàbòbò àwọn àtìpó tí wọ́n hùwà ipá sí ní Abẹ́òkúta dúró lórí òfin, ìwòsàn àti ìrànwọ́ fún àwọn àjèjì tí wọ́n ń lù nínú ilé, tàbí tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ní olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìpínlẹ̀ náà bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà ní Ìdìrókò, kò sì ṣòro láti rí Ègùn tàbí Àgànyìn tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tó ń ta oúnjẹ tàbí tó ń fọ́ òkúta nílùú. Ní 2003, wọ́n kó àwọn ọmọdé ará Benin tó lé ní 100 kúrò níbi ìfọ́kúta lágbègbè Abẹ́òkúta padà sí orílẹ̀-èdè wọn.

Ìwé ìgbélùú ni wọ́n sábà máa ń fi dẹ́rù ba irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú ẹgbẹ́ náà láyè láti wọ Nàìjíríà láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Bó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kó gbàwé. Ọkọ tàbí ọ̀gá tó ti kó ìwé pamọ́ á wá máa halẹ̀ pé, “Lọ fẹjọ́ sùn, àwọn Imigiréṣọ̀n ló máa wá kó ọ.” Irọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Abala 34 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 fún olúkúlùkù ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí iyì, kò yọ àjèjì sílẹ̀. Òfin tó de ìwà ipá sí ènìyàn, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 tí Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní 2017, ka lílu ìyàwó tàbí ọkọ sí ọ̀ràn, ó sì jẹ́ kí kọ́ọ̀tù pàṣẹ kí ẹni tó ń hùwà ipá jìnnà sí ẹni tó ń lù. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tàn kó wá ṣiṣẹ́ wà lábẹ́ NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò. Òfin àjọ náà kò fẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ nítorí àìníwèé.

Ní ti ìfipábánilòpọ̀, àkókò ṣe pàtàkì ju ìwé lọ. Kí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí má wẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wọ̀. Inú àpò bébà ni kó kó aṣọ náà sí, torí pé nínú ọ̀rá, ọ̀rinrin á ba ẹ̀rí jẹ́. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, 28 ọjọ́ ni wọ́n sì ń lò ó. Èyí tó ń dènà oyún ṣì lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ karùn-ún, àmọ́ bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ilé ìwòsàn ìjọba bíi FMC (ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀) ní Ìdí-Àbà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ.

Èdè ni wàhálà tó kù, ó sì tóbi. Òfin Orílẹ̀-èdè fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ògbufọ̀ ọ̀fẹ́ ní kọ́ọ̀tù. Kò sọ ohun kan náà nípa ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Obìnrin tí kò gbọ́ ju Ègùn tàbí Faransé lọ á wá dé àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ẹni tó mọ èdè rẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí ẹni ọ̀hún jẹ́ ìbátan ọkọ. Torí kò ní ẹbí nítòsí, onílé tàbí àgbà ará ìlú rẹ̀ ló máa ń bá wọn parí ìjà. Ìyẹn lè tó fún gbólóhùn asọ̀. Ìfipábánilòpọ̀ kì í ṣe ẹjọ́ tí wọ́n ń parí nílé, ìjọba ló ni ín.