Iṣẹ́ tí iyanrìn ń ṣe nísàlẹ̀ táǹkì iyùn, àti ohun tó ń mú ọbẹ̀dò hù lórí rẹ̀

Iyùn tí àwọn ọba wa ń so mọ́rùn, ara ẹ̀dá alààyè tó ń gbé inú òkun ni wọ́n ti ń rí i. Àwọn ìbátan rẹ̀, tó ń kọ́ àpáta ńláńlá sínú òkun tí omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, ni àwọn èèyàn kan ń sìn nínú táǹkì gíláàsì nílé, pẹ̀lú ẹja, omi iyọ̀ àti iná tó mọ́lẹ̀ gan-an. Ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ "deep sand bed" lẹ́nu wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni iyanrìn ìsàlẹ̀ táǹkì tó nípọn tó íǹṣì 4 sí 6. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè rò pé wọ́n kàn fi iyanrìn yẹn ṣe ẹwà ni, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Ọ̀dọ̀ oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹja jẹun, ó yàgbẹ́. Oúnjẹ tí kò jẹ tán jẹrà. Amóníà ló ń tinú méjèèjì jáde, májèlé sì ni fún ẹja. Bakitéríà tó ń gbé lójú iyanrìn àti lára òkúta, níbi tí ọ́síjìn wà, ń sọ amóníà yìí di náítíráìtì, àwọn mìíràn á sì sọ náítíráìtì di náítíréètì. Náítíréètì kò burú tó amóníà, àmọ́ kì í lọ fúnra rẹ̀; ṣe ló ń pọ̀ sí i nínú omi. Ibí yìí gan-an ni iyanrìn tó nípọn ti wúlò. Bó ṣe ń jìn sí i ni ọ́síjìn ń tán. Bakitéríà tó ń gbé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún kò rí ọ́síjìn lò, torí náà wọ́n ń yọ èyí tó wà nínú náítíréètì. Ohun tó máa ṣẹ́ kù ni gáàsì náítírójìn, irú èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, á sì gba ojú omi jáde.

Jean Jaubert, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Nice nílẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀. Ó gbé iyanrìn lé orí àwọ̀n, omi wà nínú àyè tó wà lábẹ́ àwọ̀n náà, kò sì sí páńpù tó ń fa omi ọ̀hún. Wọ́n lo ọ̀nà rẹ̀ fún táǹkì iyùn ńlá kan ní Monaco. Ní Amẹ́ríkà, Ron Shimek ló polongo iyanrìn wẹ́wẹ́ tí kò ní àyè kankan lábẹ́, tó kún fún aràn àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké.

Bí iyanrìn yín kò bá ju íǹṣì 1 sí 2 lọ, ẹ lè fi rọ́bà fa ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde, ẹ máa ṣe é ní apá kan lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó nípọn tó sì ti pẹ́, ẹ má tú u rárá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè ti kó hydrogen sulphide jọ, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tó sì lè pa ẹja. Aràn àti ìgbín òkun tí wọ́n ń pè ní Nassarius ni kí ẹ jẹ́ kó máa ro ojú iyanrìn náà. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má ra ìràwọ̀ òkun tó ń sẹ́ iyanrìn sínú táǹkì kékeré. Gbogbo ẹ̀dá kéékèèké tí ẹ nílò ló máa jẹ tán, ebi á sì pa òun náà kú.

Ọbẹ̀dò wá ńkọ́? Eruku aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń bo iyanrìn nínú táǹkì tuntun kì í ṣe ohun ìpayà: ọbẹ̀dò tíntìntín ni, silica, èròjà kan tó wà nínú iyanrìn àti omi, ló ń jẹ, tí ìyẹn bá ti tán, òun náà á lọ. Ohun pupa tó ń yọ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí iyanrìn, kì í ṣe ọbẹ̀dò gidi. Bakitéríà ni, ibi tí omi kò ti ṣàn dáadáa ló sì fẹ́ràn. Ẹ fi rọ́bà fà á kúrò, kí ẹ sì yí páńpù síbẹ̀. Èyí tó gùn bí irun, tó tutù yọ̀yọ̀, oúnjẹ tó pọ̀ jù ló ń sọ fún yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni fọ́sífeètì, èròjà inú oúnjẹ ẹja tí ọbẹ̀dò ń jẹ. Kò sí bakitéríà tó máa sọ ọ́ di gáàsì, torí náà iyanrìn kò lè bá yín lé e lọ, bó ti wù kó nípọn tó. Àfi kí ẹ dín oúnjẹ ẹja kù, kí ẹ má bu omi ẹ̀rọ sínú táǹkì láì sẹ́ ẹ títí tí ohun inú rẹ̀ á fi kúrò, kí ẹ sì gbin Chaetomorpha sínú táǹkì kékeré tó so mọ́ ti iyùn. Ọbẹ̀dò lòun náà, àmọ́ bó ṣe ń dàgbà ló ń fa náítíréètì àti fọ́sífeètì sára, tí ẹ bá sì ti gé e dànù, wọ́n bá a lọ nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ má lé náítíréètì àti fọ́sífeètì dé òdo. Inú ẹran ara iyùn ni ọbẹ̀dò tíntìntín kan ń gbé tó ń fún un lóúnjẹ, òun náà sì nílò díẹ̀ nínú nǹkan méjèèjì yìí. Táǹkì tí wọ́n ti tán pátápátá nínú rẹ̀ ni dinoflagellate sábà máa ń gbà, ohun aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń fà kẹ̀lẹ́kẹ̀lẹ́ tí ìhó kún inú rẹ̀. Tó bá dé bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ṣe ni ẹni tó ń sin iyùn máa dẹwọ́ pípààrọ̀ omi, kí náítíréètì àti fọ́sífeètì lè padà gòkè díẹ̀.